Kí ló ń ya ohùn 5G kúrò létí bàálù?

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Tíṣà á máa sọ̀rọ̀ lọ, bàálù á kọjá, tíṣà á dákẹ́ títí ariwo á fi lọ tán. GRA la wà, pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí wa rárá. Bí ẹ bá tún gbójú sókè, ẹ ó rí másìtì níbí, ẹ ó rí másìtì lọ́hùn-ún. Ẹnì kan ní kíláàsì wa wá béèrè pé: ṣé 5G yìí ò ní da bàálù láàmú ṣá? A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè gidi ni o.

Lábẹ́ ikùn bàálù ni áńtẹ́nà ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní radio altimeter. Ẹ̀rọ náà ń rán ìgbì rédíò sílẹ̀, ó sì ń gbọ́ èyí tó bá ta padà. Bí bàálù bá wà ní mítà 300 sókè, ìgbì náà á rin mítà 600 ní àlọ àti àbọ̀. Tí ẹ bá pín sẹ́kọ́ńdì kan sí ọ̀nà 500,000, ẹyọ kan péré ló máa gbà á! Nígbà ọyẹ́ tí awakọ̀ kò bá ríran dáadáa, ẹ̀rọ yìí ló ń sọ iye tó kù kí táyà kanlẹ̀.

4.2 sí 4.4 GHz ni ẹ̀rọ náà ń lò. 5G tí NCC tà fún MTN àti Mafab ní December 2021, $273.6 mílíọ̀nù ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò kọjá 3.8 GHz. Àlàfo wà láàárín wọn nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n tà dé 3.98, ìyẹn sún mọ́ ọn jù. Ní January 2022, Emirates tiẹ̀ dá ìrìn àjò sí àwọn ìlú kan níbẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀.

Kí ló fà á? Tẹ́lẹ̀, sátẹ́láìtì tí ohùn rẹ̀ kò lágbára ló wà nítòsí, nítorí náà àwọn altimeter àtijọ́ kò ti fèrèsé wọn dáadáa. Ó dà bí ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ọdún púpọ̀, tí ẹlòmíì wá kó débẹ̀ pẹ̀lú spíkà ńlá.

Ohun tó ń ti fèrèsé náà ni fílítà. Ó ń ṣe bíi asẹ́ ògì, àmọ́ kì í ṣe èérí ló ń yọ, frequency ni. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò kékeré, ohùn rẹ̀ á ga. Ti ìgò ńlá á wálẹ̀. Ìgò kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí irin tí wọ́n gbẹ́ ihò sínú rẹ̀: bí ihò náà bá ṣe tóbi tó ló ń pinnu ìgbì tó máa jẹ́ kó kọjá. Wọ́n máa ń fi fàdákà bo inú rẹ̀, torí pé ojú irin nìkan ni iná ìgbì yìí ń gbà, kì í wọnú lọ. (Ẹ̀yin olùkọ́ fíísíìsì, tá a bá ṣì í sọ, ẹ bá wa tún un ṣe.)

Nínú ẹ̀rọ 5G, wọ́n tún máa ń fi seramiki kún ihò náà. Ìgbì kì í yára nínú seramiki bíi ti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà fílítà lè kéré gan-an.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú fi fílítà tuntun sí altimeter tó bá ti gbó, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ní tiwa, ẹni tó béèrè ìbéèrè yẹn ti ń kó ìgò jọ sẹ́yìn kíláàsì. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ fúnra òun.