Nígbà tí Ọkàn Ọ̀dọ́ Langba Bá Dàrú

Ní ìpàdé wa kan, ìyá aláta kan dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ bá òun bá ọmọ òun ọkùnrin wí, nítorí pé láti ìgbà tí WAEC ti sún mọ́lé ni ọmọ náà kì í ti í dá òun lóhùn mọ́, kì í jẹun bọ̀rọ̀, ó kàn máa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ra ni. Gbogbo wa la sọ tiwa. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn kan ní ẹgbẹ́ búburú ni, ẹnì kan tilẹ̀ ní kí wọ́n fi ẹgba bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó bèèrè pé, kí ló ń ṣe ọmọ yìí gan-an? Èmi akọ̀wé náà ò bèèrè, mo kàn ń kọ ọ́ sínú ìwé ni. Nígbà tí mo délé ni ó wá dùn mí, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi alára rí.

Ní ọdún 2017, àbígbẹ̀yìn mi wà ní SS2. Láràárọ̀ ni inú máa ń run ún. Mo ra oògùn aràn, mo se àgbo, mo mú un lọ fún àyẹ̀wò ibà, wọn ò rí nǹkan kan. Mo wá ṣàkíyèsí pé lọ́jọ́ Sátidé, inú kì í run ún. Ọ̀rọ̀ bùṣe, mo ní ọ̀lẹ ni. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n lọ jókòó síta díẹ̀, kí òun bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ohun tí ọmọ náà sọ fún un ni pé lọ́jọ́ tí òun mú èsì ìdánwò wálé tí òun fìdí rẹmi nínú ìṣirò, mo pariwo ní ìsọ̀ mi lójú àwọn oníbàárà pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí yunifásítì, òun ni yóò máa bá mi to iṣu títí láé. Ẹ gbọ́, mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọmọ ò gbàgbé. Ó ti gbé e sínú fún oṣù mẹ́rin.

Bí nọ́ọ̀sì náà ṣe là á yé mi nìyí. Bí ajá bá lé ènìyàn, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ẹnu á gbẹ, inú á dì, ẹsẹ̀ á fẹ́ sáré. Ọlọ́run ló dá ara bẹ́ẹ̀ kí a lè sá. Àmọ́ ara ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ajá àti ìdánwò, tàbí láàárín ajá àti ẹnu ìyá. Bí ẹ̀rù bá wà lọ́kàn ọmọ láràárọ̀, ara rẹ̀ á máa múra àtisá láràárọ̀, kò sì ríbi sá lọ. Oúnjẹ ò ní dà dáadáa, orí á máa fọ́ ọ, oorun á dá, ìbínú á wà lẹ́nu ọ̀nà. Inú rírun yẹn kì í ṣe irọ́ o. Inú rẹ̀ ń run ún lóòótọ́.

Kí ló dé tó jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ló ń pọ̀ lára wọn? Ọpọlọ wọn ò tíì gbó tán ni. Àwọn onímọ̀ sọ pé apá ibi tí a fi ń ro nǹkan sọ́tùn-ún sósì kò ní gbó tán títí ènìyàn yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25, ṣùgbọ́n apá tí ìtìjú, ìbínú àti ìfẹ́ ti ń wá ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ní ọdún 14. Ó dà bí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le tí bíréèkì rẹ̀ ò tíì mú. Ọ̀rọ̀ tí àgbà á gbọ́ tí á fi rẹ́rìn-ín, ọmọ ọdún 16 lè rò pé ayé òun ti parí nìyẹn.

Àwa Èkìtì wá tún di tiwa kún un. A máa ń yangàn pé kò sí ilé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dọ̀ wa. Ó dára, àwọn ìyá wa ta iṣu, wọ́n ta kòkó, wọ́n ta aṣọ ìdí wọn kí ọmọ lè kàwé, èmi ò ní bú ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ mìíràn ń gbọ́ ni pé bí òun ò bá rí yunifásítì wọ̀ lọ́dún yìí, òun kì í ṣe ọmọ gidi.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. JAMB gbé èsì jáde, nínú àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tó jókòó ṣe é, ọ̀pọ̀ jù lọ ni kò rí 200 nínú 400. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 19 kan ní Ìkòròdú, ní ìpínlẹ̀ Èkó, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ó rí èsì tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ikú rẹ̀, ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó sunkún, ó ní àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ àwọn, ó sì bá ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìhà ilẹ̀ Ìgbò. Wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Èmi ò sọ pé èsì nìkan ló pa ọmọ yẹn, irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ní ìdí kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, nọ́ńbà tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ burúkú, àwọn tó kọ ọ́ gan-an ní àṣìṣe lè wà níbẹ̀.

Kí la lè ṣe? Àkọ́kọ́, a ní láti wá bí ọmọ á ṣe sọ̀rọ̀. Bí o bá pè é jókòó síwájú rẹ, tí o tẹjú mọ́ ọn pé "ó yá, sọ ohun tó ń ṣe ọ́", kò ní sọ nǹkan kan. Ohun tí èmi rí ni pé ìgbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu máa ń tú. Ẹ jọ máa ṣa ẹ̀wà, ẹ jọ máa bó ẹ̀gúsí, kí ojú má kojú. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi, ìdí ẹ̀gúsí ni mo ti gbọ́ ọ. Bí ó bá sì ń sọ ọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má já a lẹ́nu láti sọ ìyà tí ẹ̀yin jẹ ní kékeré. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe wá bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn. Ọ̀dọ́ langba nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ọmọ tó ń bá wa palẹ̀ ọjà mọ́ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tó tún ń jí pọn omi ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, tí fóònù tún gba wákàtí kan láàárín, kò lè ní sùúrù lójú. Èmi ò ní kí ọmọ má ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ o. Mo ní ní àkókò ìdánwò, kí a fi bọ́ọ̀lì omi kan jì í.

Ẹ kọ́ ọ ní mímí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí àyà bá ń já a, kí ó fa èémí símú pẹ̀lẹ́, kí ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí ó wá tú u jáde díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ka ẹ̀fà, kí ó ṣe é fún bí ìṣẹ́jú 3. Bí èémí bá ń jáde pẹ̀lẹ́, àyà á rọra máa lù, ara á gbà pé ajá ti lọ. Ìwé tó pọ̀ lójú rẹ̀, kí ó pín in sí kéékèèké. Bí ọkọ̀ iṣu bá dé, kò sí aláàárù tó máa gbé gbogbo rẹ̀ rù lẹ́ẹ̀kan.

Àmọ́ o, èyí tó ju ọwọ́ ìyá lọ wà. Bí ọmọ bá ti wà báyìí fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tó fẹ́ràn ò wù ú mọ́, tí ó ń fi ẹrù rẹ̀ ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, tí ó ń sọ pé ìbá sàn kí òun má sí, ẹ má ṣe sọ pé eré ni. Ẹ bi í léèrè gbangba pé, "Ṣé o ti ń rò ó pé o fẹ́ pa ara rẹ?" Àwọn dókítà sọ pé bíbèèrè kì í fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn, ńṣe ló máa ń jẹ́ kí ó sọ ọ́ jáde. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà níbí l'Ádó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ òun kì í ṣe wèrè. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò l'Abẹ́òkúta, tí ó ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kì í ṣe nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Àárẹ̀ ọkàn ní ìwòsàn, bí ibà ṣe ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn apakòkòrò, mo bẹ̀ yín. Ní 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ike kékeré dichlorvos, ti 100ml, wọ́n sì ní kí a má tà á káàkiri ọjà. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ má tà á fún ọmọdé, ẹ má sì jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ nínú ilé yín.

Mo lọ bá ìyá aláta ní ọjà tó tẹ̀ lé ìpàdé, mo sọ ti ẹ̀gúsí fún un. Ó gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà. Ọmọ dákẹ́ ní ọjọ́ kìíní, ó dákẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta ló ní òun gbọ́ nígbà tí ìyá òun ń bẹ alájọ fún owó WAEC, àti pé bí òun bá fìdí rẹmi, báwo ni ìyá òun yóò ṣe san án? Ìyá náà ní òun rò pé ó ti sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òun ló ní kí n kọ ọ́ síbí. Ó ní ọmọ náà ti ń jẹun.