Àdàlù Èso fún Ìgbà Ooru: Bí A Ṣe Lè Jẹ Ẹ́ Láìséwu

Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, oòrùn a máa mú ganrínganrín ní agbègbè wa. Ara a máa làágùn, ọ̀fun a máa gbẹ, oúnjẹ líle kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wu ni. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwo èso tútù sàn fún ara ju ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ.

Àdàlù èso, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fúrúùtù sàláàdì, kò gba iná, kò gba epo. Ṣùgbọ́n nítorí pé a kì í sè é, kò sí iná tí yóò pa kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀. Omi tí a fi fọ̀ ọ́, ọwọ́ tí ó gé e, àti iye àkókò tí ó lò kí a tó jẹ ẹ́ nìkan ni ààbò rẹ̀.

Láti ọjà ni kí ìṣọ́ra ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan a máa fi kábáìdì mú ọ̀gẹ̀dẹ̀, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ pọ́n ní kíákíá. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa àṣà yìí, nítorí pé májèlé bí àsẹ́níìkì a máa wà nínú kẹ́míkà náà. Irú èso bẹ́ẹ̀ lè pọ́n lójú rẹ́múrẹ́mú, kí inú rẹ̀ sì le gbagidi láìní adùn. Ó sàn kí ẹ ra èyí tí ó gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ́n, kí ẹ sì fi í pamọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ó ti pọ́n. Afẹ́fẹ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń tú jáde ni yóò mú ìyókù pọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí kò kan ọ̀pẹ̀ òyìnbó o: bí adùn rẹ̀ bá ṣe rí lọ́jọ́ tí a já a, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò wà.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó ìgé-nǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi mímọ́ tí ń ṣàn fọ gbogbo èso, kódà èyí tí ẹ óò bó. Ọ̀pọ̀ kì í fọ wọ́tàmẹ́lọ̀n nítorí pé a kì í jẹ èèpo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí ó bá gba ara èèpo ẹlẹ́gbin kọjá yóò kó ẹ̀gbin náà wọ inú. Bí ó bá jẹ́ omi kànga ni ẹ ń lò, ẹ sè é kí ó hó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù.

Fún ènìyàn mẹ́fà, ẹ gé ìbẹ́pẹ kékeré 1, ìdajì ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìdá kan nínú mẹ́rin wọ́tàmẹ́lọ̀n sí wẹ́wẹ́. Ẹ fún omi ọsàn 2 àti ọsàn wẹ́wẹ́ 1 sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 3 ni kí ó kẹ́yìn, nítorí pé kì í pẹ́ dúdú bí a bá ti gé e. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò dá a dúró díẹ̀. Agbálùmọ̀ náà dára nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ sáà yọ kóró rẹ̀ kí ó má baà há ọmọdé lọ́fun. Ṣúgà àti mílíìkì alágolo kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ bu ìwọ̀nba, gẹ́gẹ́ bí dókítà rẹ̀ ti là á sílẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí èso tí a ti gé wà níta fìríìjì ju wákàtí 2 lọ. Bí ooru bá kọjá ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí kì í ṣe ohun àjèjì ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí 1 péré ni. Níbi tí iná mànàmáná kò bá ti dúró, ìwọ̀nba tí a óò jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà ni kí a gé. Nítorí èyí kan náà ni èso gígé inú ọ̀rá tí a pàtẹ sínú oòrùn kò fi yẹ ní rírà. Odidi èso ni kí ẹ rà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn tí ó jẹ èso, pàápàá ọmọdé, ẹ tètè fún un ní omi ORS, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín láìjáfara.