Àtàǹpàkò Tó Wú Lóru: Ṣé Oògùn Ló Tẹ̀ Ni?

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo gbé wá lónìí. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, alàgbà kan láti ìhà Ìdúmàgbò wọ díspẹ́ńsárì wa, ó fara ti ejìká ìyàwó rẹ̀, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wú, ó ń dán bí ẹni pé a fi òróró pa á. Ní ọjọ́ Sátidé ló lọ sí òde ìnáwó ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kò sí ohun tó ṣe é nígbà tó sùn. Ní òru ni ìrora gbé e dìde. Ó ní bí aṣọ ìbora bá kan ẹsẹ̀ náà lásán, bí iná ni.

Ìyàwó rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, àwọn ará ilé ní bàbá ti tẹ oògùn lójúde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kàn án o."

Èmi kò bá wọn jiyàn oògùn. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi ni mo gbé lé oríkèé náà, mo sì tún gbé e lé ti ẹsẹ̀ kejì. Ìwé tí a kà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sọ pé oríkèé bẹ́ẹ̀ a máa pupa. Ara òyìnbó ni ẹni tó kọ ìwé náà ń wò. Lára tiwa, awọ ibẹ̀ lè dúdú sí i, tàbí kó kàn máa dán. Ooru ni kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá.

Àìsàn yìí ni wọ́n ń pè ní gáùtì. Ọ̀kan ni nínú ọ̀pọ̀ àìsàn tí a kó sínú àpò kan náà, tí a ń pe gbogbo wọn ní làkúrègbé. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa tí à ń pè ní ásíìdì yúríìkì. Kíndìnrín ló yẹ kó máa bá ìtọ̀ gbé e jáde. Bí kò bá rí i gbé jáde tó, yóò pọ̀ lápọ̀jù, yóò sì dì sínú oríkèé bí èérún abẹ́rẹ́. Dókítà Garrod ní ìlú London ló rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn onígáùtì ní 1848.

Bí ẹ óò ṣe dá a mọ̀ ni pé ó máa ń sáré. Làkúrègbé orúnkún àwọn ìyá àgbà a máa rọra wọlé, ọdún dé ọdún. Gáùtì kì í dúró bẹ́ẹ̀: láàárín ọjọ́ kan ó ti wú dé góńgó, oríkèé kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń mú, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló fẹ́ràn jù, lẹ́yìn náà ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, yóò lọ fúnra rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ìtànjẹ wà. Ẹni tó bá wẹ ẹsẹ̀ náà ní ọjọ́ kẹfà ni yóò gba ọpẹ́ àti adìyẹ, títí àìsàn náà yóò fi padà dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan.

Kì í ṣe àwọn oníṣègùn nìkan ló ń ṣìnà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ibòmíràn, gbẹ́nàgbẹ́nà kan wá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ ló fi rọ́, mo fi ìpara ra á, mo sì dì í. Ìgbà tí mo tún fojú kàn án, kókó líle ti yọ sí etí àti ìgúnpá rẹ̀, funfun bí ẹfun lábẹ́ awọ, kíndìnrín rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn mi.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ gbogbo oríkèé tó wú di gáùtì o. Bí ibà àti ìgbọ̀nrìrì bá bá a rìn, bí ọgbẹ́ bá wà nítòsí, bí ẹni náà bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tó jẹ́ SS, tàbí tó bá jẹ́ ọmọdé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọyún lè wà nínú oríkèé náà, ọjọ́ díẹ̀ péré ló sì fi ń bà á jẹ́.

A gba ẹ̀jẹ̀ bàbá Ìdúmàgbò ní ọjọ́ náà: 6.1. Nǹkan bí 7 ni ààlà fún ọkùnrin, ni àwọn ará ilé bá ní, "Ẹ ò rí i? Àìsàn ilé ìwòsàn kọ́." Wọn kò mọ̀ pé nígbà tí ìrora bá ń jà lọ́wọ́, ásíìdì náà lè wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ara bá ti tù ú kí a tó tún un wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí tirẹ̀ ga tí oríkèé kankan kò dùn kì í ṣe onígáùtì. Ẹ̀rí tó dájú jù ni kí dókítà fi abẹ́rẹ́ fa omi inú oríkèé, kí wọ́n sì wo èérún náà lábẹ́ ẹ̀rọ awò onímọ́lẹ̀ àrà ọ̀tọ̀, bí McCarty àti Hollander ti fi hàn ní Amẹ́ríkà ní 1961. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ díspẹ́ńsárì. Mo kọ lẹ́tà fún un lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà oríkèé ní LASUTH, Ìkejà.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé àwọn dókítà fi ń sọ pé gáùtì ṣọ̀wọ́n lára ènìyàn dúdú. Dókítà Mijiyawa ní Lomé, ní Tógò nítòsí wa níbí, tẹ ìròyìn àwọn onígáùtì ilé ìwòsàn tirẹ̀ jáde ní 1995. Ẹ má sì fi ẹ̀sùn ọ̀mùtí kan gbogbo wọn. Lóòótọ́ bíà a máa dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n Alhaji ni bàbá yìí, kì í fẹnu kan ọtí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ni tọ̀ ló ń lò, ó sì jẹ ẹ̀dọ̀ àti edé yó lóde ìnáwó. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ a máa dá ásíìdì náà dúró sínú ara. Mo kìlọ̀ fún un kó má dáwọ́ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ kò rí nǹkan oṣù mọ́, ó lè mú ẹ̀yin náà.

Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì dé: 9.2. Dókítà fún un ní allopurinol, èyí tí yóò máa lò lójoojúmọ́, yálà ẹsẹ̀ ń dùn ún tàbí kò dùn ún. Mo sọ fún un pé bí ara rẹ̀ bá sú, kó dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kó sì sáré padà. Ìyàwó rẹ̀ bi mí bóyá kí òun má se ẹ̀wà fún un mọ́. Mo ní kó máa se é, kó se ẹ̀fọ́ pẹ̀lú, kó sì fún un ní omi púpọ̀. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, sàdíìnì àti mínírà ni kó dín kù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mínírà ni yóò nira jù lọ fún bàbá.