Ọ́kíìdì Méjì Tí Ó Jọra Bí Ìbejì

Ní oṣù kẹfà ọdún, nígbà tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú òdòdó ọ́kíìdì méjì a máa tanná nínú igbó àti ní pápá. Ewé fífẹ̀ méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ní ìdí, òdòdó funfun a sì tò yí ọ̀pá rẹ̀ ká. Orúkọ labalábá ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n àfòpiná ni àlejò wọn ní tòótọ́, nítorí òru ni òórùn dídùn wọn ń tàn kálẹ̀. Àwọn onímọ̀ pe èyí tí ó kéré ní Platanthera bifolia, wọ́n sì pe èyí tí ó tóbi ní Platanthera chlorantha.

Wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan, tí George Bentham wà nínú wọn, fi kà wọ́n sí oríṣi kan ṣoṣo. Gíga wọn lè tan ènìyàn jẹ. Ìyá ìbejì a máa mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé nípa àmì kékeré kan. Ẹnu òdòdó ni àmì ti àwọn wọ̀nyí wà. Ìdì ìyẹ̀fun akọ méjì ń bẹ níbẹ̀, tí ìdí wọn ní ohun tí ń lẹ̀ bí àtè. Ti bifolia dúró gbọọrọ, wọ́n sún mọ́ ara wọn. Ti chlorantha fi orí kan ara wọn, ṣùgbọ́n ìdí wọn yà síra bí ẹsẹ̀ ọkùnrin tí ó ya ẹsẹ̀ dúró.

Charles Darwin ṣàlàyé iṣẹ́ ìyàtọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1862. Bí àfòpiná bá ti ahọ́n bọ chlorantha láti mu oyin, ojú rẹ̀ ni ìyẹ̀fun náà ń lẹ̀ mọ́. Ti bifolia a máa lẹ̀ mọ́ ahọ́n rẹ̀. Èyí tí ó wà ní ojú kì í sábà kan ibi tí ti ahọ́n ń kàn. Nítorí náà ni ìdílé méjèèjì kò fi dàrú mọ́ra, bí a tilẹ̀ ń rí àdàlù wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn méjèèjì ti dín kù ní Bìrìtéènì, pàápàá bifolia, nítorí a gbẹ́ omi kúrò ní ilẹ̀ àbàtà, a sì da ajílẹ̀ sí pápá koríko. Èèbù iṣu a máa gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọ inú ebè. Irúgbìn ọ́kíìdì kéré bí eruku, kò sì gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Fọ́nrán olú inú ilẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ, ọdún púpọ̀ a sì kọjá kí ó tó tanná. Ẹni tí ó bá hú u lọ sí ọgbà rẹ̀ fi olùtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn, ó sì sábà máa ń kú. Òfin ọdún 1981 sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti hú u láìgba àṣẹ onílẹ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ mọ èyí tí òun rí kúnlẹ̀ tì í, kí ó wo ẹnu òdòdó náà.