Igbá Tó Sán, Kẹ̀kẹ́ Tó Sán

Ẹ̀yin ará ilé, bí igbá ìyá àgbà bá sán, kò sẹ́ni tó máa sáré gbé e jù sí ààtàn. A ó gbé e síta gbangba, a ó fi ìka tọ ìlà náà lọ títí a ó fi rí ibi tó mọ. Ẹni tó mọ igbá á rán á wá lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á sì fi okùn fa ojú rẹ̀ pọ̀. Sùúrù kan náà ni férémù kẹ̀kẹ́ tó sán ń fẹ́ lọ́wọ́ wa.

Irin lè sán láìṣubú, láìkọlu ohunkóhun. Ẹ mú wáyà, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Kò ní pẹ́ já, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fi ipá fà á. Kẹ̀kẹ́ tó ń ru kẹ́ẹ̀gì ẹmu lójú ọ̀nà gbágungbàgun, bí irin rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ tó ń padà nìyẹn, títí yóò fi rẹ irin. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ nìkan: ní 1842, ọ̀pá tó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kan ṣẹ́ nítòsí Versailles ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kú. Nígbà tó yá, August Wöhler, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ará Jámánì, fi hàn pé ẹrù tí kò lè ṣẹ́ irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ṣẹ́ ẹ bó bá ń padà wá lemọ́lemọ́.

Ibi tí páìpù ti pàdé ni kí ẹ máa wò: abẹ́ ọrùn kẹ̀kẹ́, ìdí pẹ́dà, àti ibi tí táyà ẹ̀yìn ti wọ inú férémù. Ṣùgbọ́n ọ̀dà lásán lè là, kó tan yín jẹ. Ẹ ha á kúrò, ẹ fi kẹrosíìnì pa ojú irin, ẹ jẹ́ kó mu ún. Ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ wá bu ẹfun tí ẹ lọ̀ kúnná lé e. Bí irin bá sán lóòótọ́, kẹrosíìnì tó sá wọnú rẹ̀ á tún yọ jáde, á fa ìlà tín-ín-rín sójú ẹfun. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an, nítorí ó ń fi ibi tí ìlà náà mọ hàn, ojú lásán kì í sì í rí i.

Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti fi dírìlì lu ihò tó tó mìlímítà 3. Ṣónṣó ìlà tó mú ló ń la irin lọ. Ihò róbótó kò ní ṣónṣó.

Ó wá kan ajórin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé férémù náà fún ẹni tó ń fi iná mànàmáná jó géètì. Páìpù kẹ̀kẹ́ míì kò nípọn tó mìlímítà 1, ẹni tó sì ń rán igbá kì í fi ìṣó ìlẹ̀kùn lu ihò rẹ̀. Iná tó pọ̀ jù á jẹ ara páìpù, ẹ̀gbẹ́ ojú àjó á tún sán. Gáàsì àti idẹ ni kó lò. Idẹ ń yọ́ ní nǹkan bí 900 dígírì, irin kì í yọ́ àfi bó bá sún mọ́ 1,500, nítorí náà idẹ á ti ṣàn wọ ojú ibẹ̀ kí páìpù tó bàjẹ́. Idẹ náà ni wọ́n fi so kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ pọ̀ ní Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má da omi lé e lórí. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Fọ́ọ̀kì iwájú nìkan ni mi ò ní kí ẹ tún ṣe. Bó bá sán, ẹ ra òmíràn, torí bó bá ṣẹ́ lórí eré, ojú lẹ máa fi lulẹ̀.