Ẹ́ńjìnnì Kọ́ńbì Tí Kì Í Mu Omi

Àwọn tó ṣì ní Kọ́ńbì Volkswagen àtijọ́ nínú wa ń bi akọ̀wé yín bóyá ènìyàn lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ nílé. Ó ṣeé ṣe. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló so ó mọ́ gíá. Síléńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ, a ó pààrọ̀ wọn tàwọn ti písítìnì wọn, láì wá ẹni tí yóò fi maṣíìnì gbẹ́ inú wọn.

Páànù ara rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní rédíétọ̀: fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn, páànù ń darí rẹ̀ gba ara síléńdà. Nígbà tí wọ́n tún tèmi ṣe, mẹkáníìkì kan kó páànù abẹ́ rẹ̀ dànù, ó ní ẹrù lásán ni. Mo kó isu láti Omù-Àrán lọ Ìlọrin. A ò tíì dé Àjàṣẹ́-Ìpo tó fi nọ́ọ̀kì. Ọjọ́ méjì ni isu wà lójú títì. Owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni mo fi ṣe é o, mo sì san án pé.

Rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ká náà gbọ́dọ̀ pé, kí ooru ìsàlẹ̀ má baà padà sókè. Lítà ọ́ìlì méjì àbọ̀ ló ń gbà. Ẹ má jẹ́ kó dín. Bí iná pupa jẹnẹrétọ̀ bá tàn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀: bẹ́líìtì kan náà ló ń yí òun àti fáànù. Láti 2005 ni Bràsíìlì ti ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ́ńjìnnì yìí fún Kọ́ńbì, nítorí náà ẹ tọ́jú páànù àtijọ́ yín.