Ọjọ́ Yemọja ní Etíkun Rio Vermelho

Ní ọjọ́ kejì oṣù Fẹ́búárì lọ́dọọdún, àwọn apẹja Rio Vermelho, àdúgbò kan létíkun ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, máa ń gbé ẹ̀bùn Yemọja lọ sójú agbami. Ooru máa ń mú níbẹ̀ lásìkò yìí, nítorí náà èrò tó ń jáde kì í ṣe kékeré: onílùú, àlejò, ẹlẹ́sìn òrìṣà, ọmọ ìjọ Àgùdà, títí kan ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan. Aṣọ funfun àti aṣọ búlúù, àwọ̀ Yemọja, ló máa ń gba gbogbo òpópónà.

Àwọn apẹja ló ni ọdún náà. Ní 1923, nígbà tí ẹja di ọ̀wọ́n lójú omi, ni wọ́n pinnu láti gbé ẹ̀bùn lọ bẹ Ìyá Omi kí àwọ̀n wọn lè kún. Ilé kékeré wọn létí omi ti di ojúbọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo èrò ń wọ́ lọ lọ́jọ́ náà.

Ó lè ya Yorùbá lẹ́nu pé òkun ni wọ́n ti ń bọ Yemọja. Nílé níbí, odò Ògùn ni ilé rẹ̀, àwọn ará Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn sì ń bọ ọ́ títí dòní. Olókun ló ni òkun. Ṣùgbọ́n àwọn tí ogun kó lẹ́rú nílẹ̀ Yorùbá, pàápàá láàárín 1800 sí 1850, tí wọ́n sì tà sí Bahia, kò lè gbé odò Ògùn dání. Orí òkun ni wọ́n gbà dé, òkun ló wà níwájú wọn lójoojúmọ́, òkun náà ni wọ́n sì fi lé ìyá wọn lọ́wọ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti gbé ẹ̀bùn Ọ̀ṣun lọ sí Dique do Tororó, adágún omi kan láàárín ìlú. Bí ojúmọ́ bá ti ń yọ, wọ́n á yin báńgà ní Rio Vermelho, ìlù á sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn á tò sórí ìlà gígùn lábẹ́ oòrùn, kálukú pẹ̀lú ohun tó mú wá, kí wọ́n lè fi í sínú àwọn agbọ̀n ńlá tó wà létí ilé apẹja. Òdòdó funfun ló ń pọ̀ jù nínú agbọ̀n náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyarun, dígí, ọṣẹ olóòórùn dídùn, ìlẹ̀kẹ̀, bèbí, àti ìwé tí wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ sí, tí wọ́n ká mọ́ àárín òdòdó. Wọ́n á wọ́n lọ́fínńdà sórí gbogbo rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba etíkun kan. Olórí ẹ̀bùn wà lọ́tọ̀: ilé òrìṣà kan ló ń ṣètò rẹ̀, wọn kì í sì í ṣí i fún ayé rí títí ọjọ́ fi pé.

Nígbà tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá dé, wọ́n á kó àwọn agbọ̀n sínú ọkọ̀, ariwo "Odò Ìyá!" á sọ, ọkọ̀ á sì kọrí sí agbami. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹ̀bùn tó bá rì, Yemọja ti gbà á; èyí tí ìgbì dá padà, ó kọ̀ ọ́ ni.

Ebi kì í pa àlejò níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun tó fẹ̀, tí wọ́n wé gèlè, máa ń dín àkàrà sínú epo pupa lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀wà tí wọ́n bó ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n á pò ó mọ́ àlùbọ́sà àti iyọ̀, wọ́n á sì dín in tóbi tó ìkúùkù. Wọ́n á wá fi ọ̀bẹ là á, wọ́n á ki ilá sísè, edé gbígbẹ àti ata bọ inú rẹ̀. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ Bùràsíìlì forúkọ iṣẹ́ àwọn alákàrà yìí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá orílẹ̀-èdè.

Ohun kan wà tó yẹ kó dun ọmọ Yorùbá. Púpọ̀ nínú àwòrán Yemọja tí wọ́n ń tà níbẹ̀ jẹ́ ti òyìnbó onírun gígùn, tó jọ Màríà ìjọ Àgùdà. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ń jà kí ìyá wọn padà sí àwọ̀ ara rẹ̀, ẹjọ́ wọn sì tọ́. Àwọn baba ńlá wọn jìyà lórí ẹ̀sìn yìí. Títí di 1976, ilé òrìṣà ní Bahia gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó lè lùlù fún òrìṣà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti ìdọ̀tí. Ìgò, ike àti dígí kì í jẹrà nínú omi, wọ́n sì ń pa ẹja tí àwọn apẹja ń tìtorí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ní 2016, Mãe Stella, ìyálóòrìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, kéde pé ilé òun kò ní gbé ẹ̀bùn sínú òkun mọ́, orin ni wọn yóò máa fi kí Yemọja. Ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ, kí ó mú òdòdó nìkan dání. Bí ó bá sì mú lọ́fínńdà, kí ó dà á sómi, kí ó gbé ìgò rẹ̀ padà sílé.